Eyínmẹ́nugún Nínú Ìwé Ìjọba

Ẹ kò ní í gbà mí gbọ́. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, wọn ò gbà. Mo sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ mi níbi tí a ti ń mu ẹmu, wọ́n ní kí n gbé igbá sílẹ̀, pé ó ti tó. Nítorí náà mi ò bẹ̀ yín. Ẹ kàn jókòó, ẹ máa pè mí ní onírọ́ bí mo bá ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ má dìde kí n tó parí. Ohun tí mo wí ni pé àwọn aṣòfin fi sàmọ́ńsì mẹ́ta gba ìwé kan jáde lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ìjọba. Wọ́n rán ọlọ́pàá, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ èèyàn ńláńlá. Nígbà tí wọ́n wá ṣí ìwé náà, wọn ò rí orúkọ tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi ni orúkọ náà ti bọ́ sọnù.

Sójà ò tíì gba ìjọba nígbà náà. Èmi ni akọ̀wé tó ń tẹ táípù ní ọ́fíìsì káńsù wa. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ. Kò sí ẹni tó wọ ọ́fíìsì wa tí mi ò ní fi ìnagijẹ kan rán an padà sílé. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rò pé ẹ̀bùn ni. Ẹ jẹ́ kí n má tíì sọ ohun tí mo rò nípa ẹ̀bùn náà nísinsìnyí.

Káńsù ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá mẹ́ta sí abúlé kan lọ́nà ìlú Tápà, bíi máìlì mẹ́rin sí Igbó-Ọrà tí mo ń gbé. Ọmọ abúlé náà gan-an ni wọ́n fi ṣe alábòójútó iṣẹ́. Arẹwà ọkùnrin ni. Eyín rẹ̀ funfun, ó tò gẹ́rẹ́gẹ́, àlàfo díẹ̀ sì wà níwájú tó jẹ́ pé bó bá ti rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń bínú, ìbínú onítọ̀hún á rọlẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ò ní eyín bẹ́ẹ̀, kò sì ní páànù lórí ilé. Àgbẹ̀ ni. Iṣu àti gbágùúdá ló ń gbìn, ó sì fẹ́ràn ẹran òkété ju ẹran màlúù lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ̀gbọ́n yìí ń bọ̀ láti oko. Ìjì dé, òjò tẹ̀ lé e, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ tuntun náà láti sá fún òjò. Ògiri wó lù ú. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ibẹ̀, òun nìkan ló bá a lọ. Nígbà tí wọ́n wú u jáde, ọkọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òkété kan sì wà nínú àpò tó gbé kọ́ èjìká.

Òkété kan ṣoṣo yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè ò tíì gbẹ tí lẹ́tà alábòójútó fi dé káńsù. Èmi ni mo ṣí i. Ó ní ẹ̀dùn ọkàn ni fún òun láti kọ ọ́, nítorí ẹ̀gbọ́n òun ni, ṣùgbọ́n olóògbé ń gbẹ́ ihò òkété lábẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ìjọba, ohun tó wó ògiri náà nìyẹn. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo ọ̀nà Tápà fi gbọ́. Bí àwọn ọmọ olóògbé bá lọ pọnmi, àwọn ẹgbẹ́ wọn á máa pè wọ́n ní ọmọ òkété.

Opó rẹ̀ dúró kí ogójì ọjọ́ pé, ó wá bá wa ní ọ́fíìsì nínú aṣọ dúdú. Obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó jù mí lọ dáadáa. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Wọ́n ti sin ọkọ mi, wọ́n sì tún ń wú u lójoojúmọ́. Orúkọ bàbá àwọn ọmọ mi ni mo wá gbà."

Mo ní, "Màmá, wọn kì í gba orúkọ níbí. Owó orí là ń gbà."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ máa gba tiyín, Akọ̀wé, kí n ráyè gba tèmi."

Ọ̀gá mi gbọ́ ọ láti inú yàrá rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé òkè, ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ìjọba rán ìgbìmọ̀ olùwádìí kan wá. Adájọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni olórí wọn, àwọn méjì tẹ̀ lé e. Wọ́n yá mi lọ́wọ́ káńsù pé kí n máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, kí n sì tẹ̀ ẹ́ ní táípù.

Inú ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ní abúlé náà ni wọ́n jókòó sí. Nígbà tí ó kan opó náà, ó búra, adájọ́ sì bi í léèrè ohun tó rí.

"Orí àpáta tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ni mo máa ń sá láfún mi sí, bàbá. Àárọ̀ ni mo ń dé ibẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń kúrò. Mo rí wọn tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì jáde, wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Amọ̀ ni àwọn bíríkìlà wá fi ń mọ ògiri. Wọ́n kàn fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ pa á lójú ni, bí ẹní pa àtíkè."

"Àti ọ̀rọ̀ òkété yẹn ńkọ́?"

"Oko ni ọkọ mi ti pa á. Ta ló ń gbẹ́ òkété nínú òjò?"

"Ta ló ń kó sìmẹ́ńtì náà, màmá?"

Ó ní, "Eyínmẹ́nugún ni."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ilé rere mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tí wọ́n bí sílé ọkọ rẹ̀ kí ó tó dé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Yóò wá orúkọ tó bá ojú tàbí ìwà rẹ̀ mu, yóò máa fi pè é títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Eyínmẹ́nugún ni opó yìí sọ àbúrò ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti wọlé. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ajá abúlé náà mọ̀ ọ́n.

Adájọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ ti búra o."

"Mo búra, bàbá. Wọn ò ní kí n fi ìbúra rí ará ilé ọkọ mi fín."

Àgbàlagbà náà ò fi agbára mú un. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Akọ̀wé, wádìí orúkọ ẹni náà gan-an, kí o kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n tó buwọ́ lu ìwé." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Kí ni mo fẹ́ wádìí? Mo mọ orúkọ náà bí mo ti mọ orúkọ bàbá mi. Alábòójútó yẹn ló máa ń buwọ́ lu ìwé tí mo fi ń gba bébà ní káńsù.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ìwé tí mo tẹ̀ yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì gbígbẹ bí ẹran àsun ìjẹta. Mo tẹ̀ ẹ́ dé ibi Eyínmẹ́nugún, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà. Ó jókòó sáàárín Gẹ̀ẹ́sì náà bí ìyàwó tuntun láàárín àwọn àgbà ìjọ. Mo pe akọ̀wé kejì ní ọ́fíìsì wa wá wò ó, a rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Mo fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún orúkọ gidi, pé bí mo bá jẹun tán n óò tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí mo jẹun dé, mọ́tò tí yóò gbé adájọ́ lọ ti ń dúró, dírẹ́bà ń pariwo pé òjò ń bọ̀ lọ́nà Èrúwà. Ìwé náà gùn, adájọ́ kò lè tún un kà mọ́. Ó bi mí pé, "Ṣé ó pé?" Mo ní ó pé, sà. Ó buwọ́ lù ú. Ìgbà tí eruku mọ́tò ń balẹ̀ ni mo rántí àyè náà.

Mo sọ fún ara mi pé wọn yóò béèrè. Ìjọba kì í ṣàì béèrè nǹkan. Ṣùgbọ́n ìwé náà dé ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn, ó wọ kọ́bọ́ọ̀dù onírin, kò sì jáde mọ́. A gbọ́ pé wọ́n ní àṣírí ìjọba ni. Ẹgbẹ́ tó wà nípò ni alábòójútó ń bá ṣe, àbúrò bàbá rẹ̀ ló sì jẹ́ alága káńsù. Ẹ ti mọ ìyókù.

Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, opó náà yóò yà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú igbá láfún lórí.

"Akọ̀wé, ìwé wa ńkọ́?"

"Ó wà ní Ìbàdàn, màmá."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń sinmi."

"Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ tó èmi ni?"

Bí a ti ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà òjò títí ọyẹ́ fi dé. Nígbà kan ó sọ fún mi pé àwọn àgbà ilé ti pinnu: bí ọdún bá yípo, àbúrò ọkọ òun ni yóò ṣú òun lópó. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye tí láfún wà lọ́jà. Ó ní, "Bí ìwé bá jáde kí ọjọ́ náà tó pé, ó lè má rí bẹ́ẹ̀." Lọ́jọ́ yẹn, mo yí bébà sínú táípù, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ kejì ló wá gbọ́ pé ìwé kan wà tó lè dójú ti àwọn tó wà nípò. Ẹ má ṣì mí gbọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkété tàbí ti opó ló jẹ wọ́n lógún. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ nílé aṣòfin, wọ́n sì ní agbára láti pe ẹnikẹ́ni àti ìwékíwèé. Wọ́n fi sàmọ́ńsì kìíní ránṣẹ́ sí ọ̀gá tí kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ara òun ò yá. Wọ́n fi èkejì ránṣẹ́, ó ní kọ́kọ́rọ́ ti sọnù. Nínú ẹ̀kẹta ni wọ́n ti kọ ọ́ pé bí kò bá gbé ìwé náà wá, ẹ̀wọ̀n ni ibùsùn rẹ̀. Wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ náà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Wọ́n pe àwa ẹlẹ́rìí náà. Ọlọ́pàá kan gun kẹ̀kẹ́ wá fún mi ní tèmi, mo buwọ́ lù ú, mo bá a ṣàwàdà pé èmi ti di èèyàn ńlá. Nígbà tó dé abúlé opó náà, gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ti wọgbó, wọ́n rò pé agbowó-orí ló dé. Àwọn obìnrin nìkan ló bá nílé. Opó náà na ọwọ́ gba ìwé rẹ̀, ó ní, "Èmi lẹ ń wá. Ẹ sọ fún àwọn ọkùnrin kí wọ́n padà wálé."

Gbọ̀ngán kan ní Igbó-Ọrà ni ìgbìmọ̀ náà jókòó sí. Ó kún dẹ́nu. Alábòójútó wà níwájú pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀, ó wọ agbádá sányán, ó sì pa ẹnu dé bí àpótí. Ìyá tó bí òun àti olóògbé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, arúgbó tó ti tẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ọ̀pá. Opó náà jókòó lẹ́yìn rẹ̀, bí ìyàwó ti ń jókòó.

Alága ìgbìmọ̀ mú ìwé náà, ó ń kà á sókè, ẹlòmíràn ń túmọ̀ rẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri. Olóògbé ò gbẹ́ ohunkóhun. Àwọn èèyàn ń mí kanlẹ̀, opó náà sì gbé orí sókè. Alága wá dé ibi tí ó ti yẹ kó dárúkọ ẹni tó kó sìmẹ́ńtì. Ó dúró. Ó sún ìwé náà mọ́ ojú, ó tún sún un sẹ́yìn.

"Eyín... Eyínmẹ́nugún?"

Gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Lọ́yà alábòójútó dìde kíá. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ta ni onítọ̀hún? Kò sí nínú ìwé owó orí. Kò sí nínú ìwé ìdìbò. Àbí kí gbogbo wa ya ẹnu ni, kí ìgbìmọ̀ máa wo eyín wa kiri?"

Ẹ̀rín tún gba gbọ̀ngán. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, àfi ẹnì kan tí kò fẹ́ kí eyín rẹ̀ hàn.

Wọ́n pe opó náà síwájú. Alága ní, "Màmá, ẹ dárúkọ ẹni náà fún wa."

"Mo ti dá a, bàbá."

"Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ là ń wí."

"Èmi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ."

"Màmá, bí ẹ ò bá pè é, a ò lè kọ ọ́. Bí a ò bá kọ ọ́, ọ̀rọ̀ òkété ni yóò dúró. Ẹ gbọ́ mi?"

Mo rí i tí ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. Arúgbó náà ò wo ẹnikẹ́ni. Ọmọ méjì ló bí, ọ̀kan wà nínú ilẹ̀, ọ̀kan wọ sányán. Opó náà ya ẹnu, ó tún pa á dé. Mo mọ̀ pé ó gbìyànjú. Ó wá yíjú, ó wá mi títí ó fi rí mi níbi tábìlì akọ̀wé.

"Ẹ bi Akọ̀wé," ni ó wí. "Kì í ṣe ìyàwó ilé wa. Ó mọ̀ ọ́n. Adájọ́ ní kó kọ ọ́."

Bí obìnrin ilé wa ti ń ṣe nìyẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí kò lè pè, yóò ní kí ẹlòmíràn bá òun pè é, ẹni náà yóò sì pè é, ọ̀rọ̀ á tán. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń ṣe é fún ìyá rẹ̀.

Alága ní, "Ìwọ akọ̀wé. Ta ni?"

Mo dìde. Alábòójútó ò wò mí, ṣùgbọ́n alága káńsù tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń wò mí. Ìwé tí wọ́n fi máa gbà mí síṣẹ́ gidi wà lórí tábìlì rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, kò tíì buwọ́ lù ú. Oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù keje. Mi ò fi ìyẹn tọrọ àforíjì, mo kàn ń sọ ohun tó gba orí mi kọjá ni.

Mo ní, "Ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ, sà."

"A ò bi ọ́ léèrè ohun tó o kọ. A ní ta ni ẹni náà."

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó rò pé àwàdà ni, nítorí èmi ni mo sọ ọ́. Àwọn tó kù bá a rín in. Ó ti mọ́ mi lára kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi parí. Alága pa ìwé náà dé bí ẹni tí wọ́n gbé ìkòkò òfìfo síwájú rẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rí náà kò ti tọ́ka sí ẹnikẹ́ni tó wà láyé, ìgbìmọ̀ òun ò lè gbára lé e, ìwé tí alábòójútó kọ́kọ́ kọ ló kù nílẹ̀. Wọ́n wọ mọ́tò wọn, wọ́n gba ọ̀nà Èrúwà lọ nínú eruku ọyẹ́. Opó náà di ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú jáde. Nígbà tí ó ń kọjá lára tábìlì mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró níwájú ilé wa, mo ń rún pákò. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà, mi ò rí ju igi mẹ́ta lọ síwájú. Mo kọ́kọ́ rí apẹ̀rẹ̀, kí n tó rí ẹni tó rù ú. Iṣu ló kún inú rẹ̀ títí ó fi yọ orí. Opó náà ló rù ú. Ó ti rìn máìlì mẹ́rin pẹ̀lú rẹ̀. Eruku funfun bo aṣọ dúdú rẹ̀ títí dé orúnkún.

Ó kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú ẹrù lórí.

Mo ní, "Màmá, kí lèyí?"

"Wọ́n ní kí n gbé e wá fún yín. Wọ́n ní wọ́n dúpẹ́ tàná."

Mi ò bi í léèrè ẹni tó rán an. Ìyàwó ilé ni, ẹni tí wọ́n bá sì rán níṣẹ́ nílé ọkọ rẹ̀ kì í kọ̀. Mo dúró, pákò wà lẹ́nu mi.

Ó ní, "Nínú ebè tí bàbá àwọn ọmọ mi kọ ni. Ó ta dáadáa lọ́dún yìí." Ó fi ọwọ́ kan di apẹ̀rẹ̀ mú. "Ẹ sọ̀ mí, Akọ̀wé. Ọrùn ń dùn mí."

Mo tu pákò nù. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo sọ̀ ọ́.